Ilẹ̀kùn Ara: Ọ̀nà tí Kòrónà Ń Gbà Wọlé, àti Oògùn tí A Kò Gbọdọ̀ Dá Dúró

(Èyí ni ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa, bá wa sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ ní Màpó. A tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kí àwọn tí kò ráyè wá àti àwọn ọmọ wa nílé lè rí i kà.)

   

Nígbà tí ìyá akọ̀wé ní kí n wá sọ̀rọ̀ ìlera fún ìṣẹ́jú ogún, mo bi wọ́n pé orí kí ni kí n sọ̀rọ̀ lé. Wọ́n ní ohun tó bá wù mí. Mo wá rò ó pé ọ̀rọ̀ kan wà tí mo jẹ ẹgbẹ́ yìí ní gbèsè rẹ̀ láti ọdún 2020. Ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀rọ̀ gbèsè jù mí lọ. Ẹni tó jẹ gbèsè tí kò san, ojú máa ń tì í láti gba iwájú ìsọ̀ olówó kọjá. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ojú ti ń tì mí. Lónìí mo fẹ́ san án. Ṣùgbọ́n kí n tó san án, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí mo fi jẹ ẹ́.

Ẹ óò rántí bí ọ̀rọ̀ Kòrónà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 27 oṣù Èrèlé ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé ọkùnrin ará Ítálì kan tó gba Èkó wọlé ní àrùn náà lára. Òun lẹni àkọ́kọ́ tí a rí ní Nàìjíríà. Kí oṣù Ẹrẹ́nà tó parí, ó ti dé Ìbàdàn. Gómìnà wa, Ṣèyí Mákindé, fúnra wọn kéde ní ọjọ́ 30 oṣù náà pé àyẹ̀wò ti gbé e jáde lára àwọn. Ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má jáde láti agogo méje alẹ́ títí di agogo mẹ́fà àárọ̀. Wọ́n ti ọ̀pọ̀ ọjà. Ẹ̀yin lẹ mọ bí ebi àkókò yẹn ṣe rí.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, ìbéèrè kan ni gbogbo ènìyàn ń béèrè: báwo ló ṣe ń wọ ara? Kí ló dé tó fi mú lágbájá tí kò mú tàmẹ̀dò? Ìdáhùn rẹ̀ wà, kò sì le rárá. Ẹ jẹ́ ká fi Ìbàdàn ṣàlàyé rẹ̀.

Láyé ogun, odi ló yí ìlú yìí ká. Odi tí Balógun Ìbíkúnlé mọ, orúkọ wọn la fi ń pè é títí dòní: Odi Ìbíkúnlé. Odi náà ní bodè. Títí dòní a ṣì ní àdúgbò tó ń jẹ́ Bodè, a ṣì ní Agodi Géètì. Nítorí ta ni wọ́n ṣe ṣí bodè? Ṣebí nítorí ọlọ́jà ni, nítorí àwọn tó ń lọ sóko tó ń bọ̀. Ìlú tó bá mọ odi tí kò ní bodè, ebi ni yóò pa á. Ṣùgbọ́n ẹnu bodè yẹn kan náà ni ọ̀tá máa ń fojú sùn.

Bí ara wa ṣe rí náà nìyẹn. Bí a ti fi bíríkì mọ ilé, bẹ́ẹ̀ la fi ohun tín-tìn-tín kan tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì mọ ara ènìyàn. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní odi tirẹ̀, ó sì ní bodè lóríṣiríṣi lára odi náà. Bodè kọ̀ọ̀kan ní àgádágodo tirẹ̀. Ohun tí kò bá ní kọ́kọ́rọ́ tó bá a mu kò lè gba ibẹ̀ wọlé.

Kòkòrò Kòrónà kéré débi pé bí a bá to 10,000 rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, gbogbo rẹ̀ kò ní í ju mìlímítà 1 lọ, ìyẹn àlàfo kékeré jù lọ lórí téèpù télọ̀. Fúnra rẹ̀, kò lè jẹun, kò lè bímọ. Bí kò bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn, kò sí ohun tó lè dà. Ẹ ti rí àwòrán rẹ̀ lára pátákó, tó dà bíi bọ́ọ̀lù tó hu ẹ̀gún. Àwọn ẹ̀gún yẹn ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Àgádágodo tí kọ́kọ́rọ́ náà bá mu lára sẹ́ẹ̀lì wa ni wọ́n ń pè ní ACE2. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín. Àgádágodo ni.

Kì í ṣe ọdún 2020 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ àgádágodo yìí. Ọdún 2003 ni, nígbà tí Kòrónà kan tó ṣáájú èyí, tí wọ́n ń pè ní SARS, jà ní Ṣáínà àti àwọn ìlú mìíràn. Ó mú nǹkan bí 8,000 ènìyàn, ó sì pa 774. Ọdún yẹn náà ni àwọn onímọ̀ kan ní Boston, ní Amẹ́ríkà, rí i pé ACE2 ló ń gbà wọlé. Nígbà tí tuntun yìí dé, kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ pé ẹnu bodè kan náà lòun náà dojú kọ. Àwọn onímọ̀ ní Göttingen, ní Jámánì, tún fi hàn ní oṣù Ẹrẹ́nà 2020 pé bí kọ́kọ́rọ́ bá ti wọ àgádágodo tán, ohun kan tún wà tó dà bí ọ̀bẹ lára sẹ́ẹ̀lì wa fúnra wa, tó máa ń gé kọ́kọ́rọ́ náà. Bó bá ti gé e, awọ kòkòrò yóò lẹ̀ mọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì, ọ̀nà yóò là, ó di kó wọlé. Bó bá wọlé tán, yóò sọ sẹ́ẹ̀lì yẹn di ilé iṣẹ́ tí yóò máa fi bí irú ara rẹ̀.

Ẹ lè ní, nọ́ọ̀sì, báwo la ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ àgádágodo yìí? Ẹ̀yin tí ẹ ń ta adìẹ, ẹ gbọ́ èyí. Ní 2020, àwọn onímọ̀ ní Ṣáínà fi kòkòrò náà sí imú adìẹ, pẹ́pẹ́yẹ, ẹlẹ́dẹ̀, ajá àti ológbò. Adìẹ kò kó o. Pẹ́pẹ́yẹ kò kó o. Ẹlẹ́dẹ̀ kò kó o. Ajá kó o díẹ̀díẹ̀. Ológbò kó o dáadáa, ó sì kó o ran ológbò ẹgbẹ́ rẹ̀. Eku ilé náà, irú Kòrónà tó kọ́kọ́ jáde kò lè mú un, nítorí ACE2 ti eku kò bá kọ́kọ́rọ́ náà mu. Ọ̀kan nínú àwọn ohun tó fa ìyàtọ̀ yìí ni bí àgádágodo ẹranko kọ̀ọ̀kan ṣe rí. Nítorí náà ẹni tó bá sọ nígbà yẹn pé adìẹ ló ń gbé Kòrónà kiri, ó kàn ba ọjà ọlọ́jà jẹ́ lásán ni.

Ẹ̀rí kejì wà nínú ẹ̀jẹ̀ tiwa gan-an. Irú ibà kan wà tó wọ́pọ̀ ní Íńdíà àti ní Gúúsù Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní vivax. Ó ṣọ̀wọ́n kó tó mú wa níhìn-ín. Kí ló dé? Àgádágodo tí kòkòrò ibà yẹn ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀ pupa, Duffy ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwa ènìyàn Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni kò ní in lára ẹ̀jẹ̀ pupa wa. Ọ̀gbẹ́ni Louis Miller àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló tú àṣírí yìí ní ọdún 1976. Àwọn baba ńlá wa ti dí bodè yẹn kí wọ́n tó bí wa. Ibà tiwa, falciparum, ọ̀nà mìíràn ló ń gbà, ìdí nìyẹn tí kò fi yé dà wá láàmú.

Ní 2020, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń sọ pé Kòrónà kì í ṣe ti aláwọ̀ dúdú, pé oòrùn wa á pa á. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ACE2 kò dà bíi Duffy. Dúdú ní in, funfun ní in, olówó ní in, tálákà ní in. Àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n kó o ní Nàìjíríà lé ní 266,000, àwọn tó kú nínú wọn sì lé ní 3,100. Àwọn tí a ṣe àyẹ̀wò fún nìkan nìyẹn o.

Ibo wá ni àgádágodo yìí wà lára wa? Ó wà nínú imú, ó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró, ó wà nínú ìfun, nínú ọkàn àti nínú kíndìnrín. Inú imú ni kòkòrò náà sábà máa ń kọ́kọ́ bà. Ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi ní ká bo imú, kì í ṣe ẹnu nìkan. Ẹ rántí bí a ṣe máa ń fa ìbòmú wá sí àgbọ̀n nítorí pé ó gbóná? Odi la mọ yẹn, tí a wá ṣí bodè sílẹ̀ gbayawu. Ọṣẹ ńkọ́? Ọ̀rá ni awọ tó bo kòkòrò náà. Ọṣẹ tó ń bó epo kúrò lára ìkòkò, òun náà ló ń tú awọ yẹn ká. Abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí nǹkan bíi mílíọ̀nù 4 àkọ́kọ́ rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Àbújá ní ọjọ́ 2 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2021, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti kọ́ àwọn ọmọ ogun ara wa kí wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ ọ̀tá mọ̀ lókèèrè, kí wọ́n lọ bò ó kó má lè wọ àgádágodo mọ́.

Mo ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Mo ní nítorí ọlọ́jà ni wọ́n ṣe ṣí bodè, kì í ṣe nítorí ọ̀tá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ACE2. Ọlọ́run kò dá a sí wa lára nítorí Kòrónà. Ó ní iṣẹ́ tirẹ̀, iṣẹ́ náà sì jẹ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru. Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tó máa ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Bó bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ á ru. ACE2 ló máa ń gé nǹkan yìí, tí á sọ ọ́ di ohun tó ń tú òpó ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa ni. Bí Kòrónà bá wọlé, ńṣe ló ń fa ACE2 wọlé mọ́ ara rẹ̀, èyí tó kù lẹ́nu bodè á sì dín kù.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn yín pọ̀ lóríṣiríṣi. Àwọn kan ń lo lisinopril, àwọn kan losartan, àwọn kan amlodipine. Lisinopril àti losartan ń ṣiṣẹ́ lórí ohun kan náà tí ACE2 ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn onímọ̀ ti rí i lára eku pé oògùn bẹ́ẹ̀ lè mú kí ACE2 pọ̀ sí i nínú ọkàn wọn. Ni àwọn onímọ̀ kan ní Yúróòpù bá kọ lẹ́tà sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn kan ní oṣù Ẹrẹ́nà 2020. Wọ́n béèrè pé: bí àgádágodo bá pọ̀ sí i, ṣé kò ní í jẹ́ pé ilẹ̀kùn ń pọ̀ sí i fún Kòrónà?

Ìbéèrè ni o. Wọn ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rìn láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ. Ìbéèrè tó kúrò ní Yúróòpù, kó tó dé orí fóònù wa, ó ti di àṣẹ: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣílẹ̀kùn fún Kòrónà, ẹ má lò ó mọ́.

Èmi nọ́ọ̀sì, mo gbọ́ ọ. Mo tún ka díẹ̀ nínú rẹ̀. Mo mọ ohun tí ACE2 jẹ́, ó sì dà bíi pé ó bọ́gbọ́n mu. Màámi, tí ẹ mọ̀ sí oníyèlùbọ́ ní Ọjà'ba, ti ń lo lisinopril láti ọdún 2011. Ẹyọ kan láràárọ̀, wọn kì í pa á jẹ. Ní oṣù Igbe, èmi, ẹnu mi yìí, ni mo sọ fún wọn pé, "Màámi, ẹ jẹ́ kí oògùn yẹn sinmi ná." Wọ́n bi mí pé, "Ṣé ó dá ọ lójú?" Mo ní ó dá mi lójú. Wọ́n gbọ́ tèmi, torí pé èmi ni nọ́ọ̀sì.

Ọ̀sẹ̀ méje ni wọn ò fi lò ó. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Kò dùn wọ́n níbì kankan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Òkúdù, wọ́n fẹ́ ró ìró, ọwọ́ ọ̀tún wọn kò gbéra. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹnu ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Rọpárọsẹ̀ ni. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá Kòrónà ni, kò sí Kòrónà lára wọn. Ilẹ̀kùn tí mo ní kí wọ́n tì, ẹnikẹ́ni kò kàn án. Òmíràn ni mo ṣí sílẹ̀.

Ẹ̀yin lẹ dìde. Owó tí Màámi ti ń fi pamọ́ sínú ẹgbẹ́, ẹ kó o fún wa lọ́jọ́ kejì, ẹ tún yá wa sí i. N ò lè gbàgbé. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹ kò mọ̀. Ẹ rántí pé wọ́n ní aáwọ̀ lórí ààyè ìsọ̀ kí àìsàn tó dé. Ẹ rántí pé àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọwọ́ ayé ni, pé ìyá tí ìsọ̀ wọn kángun sí ti Màámi mọ nípa rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé, wọ́n ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀. Ìyá yẹn ò wá sí ìpàdé fún bí ọdún kan gbáko. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo mọ ohun tó fà á. Mo dákẹ́, nítorí ojú ń tì mí pé kí àwọn ènìyàn gbọ́ pé nọ́ọ̀sì ló ní kí ìyá rẹ̀ má lo oògùn.

Gbèsè tí mo jẹ nìyẹn. Ìyá náà wà níjokòó lónìí, n ò ní í dárúkọ wọn. Mo ti lọ bá wọn nílé kí n tó wá síbí, mo kúnlẹ̀, mo sì sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, ṣùgbọ́n níwájú àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ ni kí n ti sọ ọ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́, ọwọ́ ìyá yìí mọ́. Èmi ni mo ṣi ìmọ̀ lò. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, mo tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Màámi tí wọ́n jókòó ní ìlà kejì yẹn, mo sì tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo yín.

Kí ni ìdáhùn ìbéèrè tí wọ́n béèrè ní Yúróòpù? Nínú oṣù Ẹrẹ́nà 2020 náà ni àwọn ẹgbẹ́ dókítà ọkàn ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má dá oògùn rẹ̀ dúró. N ò ka ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dán an wò ní Brazil. Wọ́n mú aláìsàn Kòrónà 659 tó ń lo irú oògùn yìí ní ilé ìwòsàn 29. Wọ́n ní kí apá kan dá a dúró fún ọgbọ̀n ọjọ́, kí apá kejì máa lò ó lọ. Èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2021: àwọn tó dá a dúró kò sàn ju àwọn tó ń lò ó lọ. Dídá a dúró kò ṣe ẹnikẹ́ni lóore.

Ẹ ò rí i pé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ àgádágodo, òótọ́ ni ọ̀rọ̀ eku, síbẹ̀ irọ́ ni ohun tí mo fi parí rẹ̀. Àgádágodo nìkan kọ́ ló ń sọ bí àìsàn yóò ṣe le tó. Kòrónà kan wà tí wọ́n rí ní Nẹ́dálándì ní ọdún 2004, tí wọ́n ń pè ní NL63. ACE2 yìí kan náà ló ń gbà wọlé, ọ̀fìnkìn lásán ló sì sábà máa ń fà. Kí ọ̀tá dé ẹnu bodè jẹ́ ọ̀kan, bí ogun yóò ṣe rí nínú ìlú jẹ́ òmíràn. Ìdajì ìmọ̀ ni mo fi tọ́jú ìyá mi.

Lọ́jọ́ 5 oṣù Ẹ̀bìbì ọdún 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Kòrónà kì í ṣe pàjáwìrì mọ́. Kò tán nílẹ̀, ṣùgbọ́n ìpayà rẹ̀ ti lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru kò lọ ní tirẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkùgbé, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru ní Yunifásítì Ìbàdàn àti UCH, papòdà nínú oṣù Òkúdù 2020, oṣù kan náà tí rọpárọsẹ̀ kọlu Màámi. Ìlú tó ní irú àgbà bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó máa fi ohùn orí fóònù pinnu oògùn.

Ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín. Àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró láìjẹ́ pé dókítà tó kọ ọ́ fún un ló ní kó dá a dúró. Bí nọ́ọ̀sì ọmọ yín bá ní kí ẹ dá a dúró, ẹ ní kó lọ bi dókítà. Èkejì, mo ti ra mẹṣín tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, òun nìyí lórí tábìlì. Mo fún ẹgbẹ́. Ní gbogbo ọjọ́ ìpàdé, kí a tó gba owó àjẹṣẹ́kù, èmi yóò máa wá wọn ti gbogbo yín, a ó sì kọ ọ́ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ owó. Ẹ̀kẹta, bí àìsàn bá kọlu ọ̀kan nínú wa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè oògùn tó ń lò àti ìgbà tó lò ó gbẹ̀yìn, ká tó béèrè ẹni tó ń bá a jà.

Màámi ò lè fi ọwọ́ ọ̀tún wọn bu èlùbọ́ sí kóńgò mọ́. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń lò, ẹ̀yin oníbàárà wọn sì mọ̀ pé ó ṣì ń kún. Oògùn wọn wà nínú àpò, wọ́n lò ó láàárọ̀ yìí kí a tó jáde. Mo rí i.

 Ẹgbẹ́ wa kò ní í tú. Owó wa kò ní í rá. Àṣèyí ṣàmọ́dún o.